Ìlà Tó Kẹ́yìn, Ti Ọmọ Ni

Àtàǹpàkò rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí. Àtàǹpàkò tó gbòòrò, tí ọ̀dà pupa ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ló tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀ nínú àwòrán kan tó wọlé sínú ẹgbẹ́ ìṣirò orí fóònù. Lókè àtàǹpàkò náà ni wọ́n fi bírò ya onígun mẹ́ta kan sí, ó gún régé bí ẹni pé orí rúlà ni wọ́n bí ẹni tó yà á sí.

Olùkọ́ ìṣirò ni obìnrin tó rí àwòrán náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti bọ́ bàtà, a jókòó ti fèrèsé yàrá ìdáná, a sì máa dáhùn ìbéèrè àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí, tí ìṣirò ń pa lẹ́kún. Àǹtí Rúlà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán fa ìlà.

Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gá Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: ẹ lè fi ọ̀nà han ọmọ, ẹ lè bá a rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ìlà tó kẹ́yìn, ti ọmọ ni. Olùrànlọ́wọ́ tó bá bá ọmọ kọ ọ́, ẹgbẹ́ ti di èèwọ̀ fún un.

Ọkùnrin alátàǹpàkò pupa náà ṣàlàyé dé ibi tó yẹ, ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó tún fa ojú Àǹtí Rúlà mọ́ra ni pé gbogbo méje tí ọkùnrin náà kọ ló ní ìlà kékeré kan ní ìbàdí. Ó kọ̀wé sí i:

“Ẹ̀yin Awọnlẹ̀, kí ló dé tí àwọn méje yín di ìgbànú? Ṣé wọ́n ń lọ sóde ni?”

Awọnlẹ̀ ni orúkọ tí ọkùnrin náà fi wọlé, òun náà sì niṣẹ́ rẹ̀. Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, Àǹtí. Bí mi ò bá dì wọ́n nígbànú, ojú á kà wọ́n sí oókan, ilẹ̀ onílẹ̀ á sì bá àṣìṣe mi lọ.”

Àǹtí Rúlà rẹ́rìn-ín títí omi tó gbé kaná fi hó dànù.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣàwàdà láìrí ojú ara wọn, títí di ọjọ́ tí obìnrin náà lọ ṣe ẹ̀dà ìdánwò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Fáànù fẹ́ gbé ìwé ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ lọ, ọkùnrin náà sì yára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò pupa!

“Àwọn méje yín ńkọ́?” ni Àǹtí Rúlà bi í.

Ọkùnrin náà yíjú. Ó wò ó, ó wo rúlà tó yọrí nínú báàgì rẹ̀, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀ kan kó tó dé ẹnu. “Dáadáa ni wọ́n wà, Àǹtí Rúlà. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n gbé fún un wọ̀n. Bí agogo ìdágbére bá ti lù, a gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, a sì sin obìnrin náà dé ìkòríta. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ pè é ní “ìwọ” dípò “ẹ̀yin”, wọ́n rìn kọjá ìkòríta títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò sì sẹ́ni tó ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà.

Àfi bí àwòrán mìíràn ṣe wọlé sínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti sọ fún níléèwé rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò gba ìṣirò ló gbé e síbẹ̀, láìsọ ohunkóhun. Ìwé Awọnlẹ̀ ni, ó hàn gbangba. Ìdáhùn pé, ìlà tó kẹ́yìn sì wà níbẹ̀.

Kí Àǹtí Rúlà tó wẹ ọwọ́ ọṣẹ rẹ̀ tán, bàbá rẹ̀ ti yọ Awọnlẹ̀ kúrò. Kò mọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú gbogbo ẹgbẹ́ pé olè ni ọkùnrin náà, pé ọgbọ́n orí ọmọ ló ń jí.

Àǹtí Rúlà gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú. Gbogbo méje tó wà lókè ló di ìgbànú. Méje tó wà lórí ìlà tó kẹ́yìn wà ní ìhòòhò, ó sì ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọwọ́ mìíràn ló kọ ọ́!

Ó gbé fóònù wọ yàrá bàbá rẹ̀. Bàbá kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní ojú ìfẹ́ ni ọmọ òun fi ń wo ìwé, pé kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ọkùnrin náà mọ́ nínú ilé yìí.

“Ẹni tí kò lè fi ìlà kan sílẹ̀ fún ọmọ,” ni ó wí, “kí ni yóò fi sílẹ̀ fún ìyàwó?”

Inú bí ọmọ rẹ̀ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ọkùnrin tí àwọn ọmọ ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín nídìí ìṣirò, òun ni wọ́n pè ní olè! Ẹjọ́ wo ni wọ́n gbọ́? Ta ni wọ́n bi? Ọlọ́run tó mọ gbogbo nǹkan pàápàá bi Ádámù léèrè kó tó lé e jáde nínú ọgbà.

“Bàbá mi,” ni ó wí, “ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká máa yẹ iṣẹ́ wò kí a tó máàkì. Ṣé ẹ yẹ èyí wò?”

Bàbá ṣí ìwé orin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Lọ́jọ́ kejì Àǹtí Rúlà bá Awọnlẹ̀ lórí pápá, níbi tó ti ń fi ọ̀dà pupa kun orí èèkàn ààlà. Ọkùnrin náà ti mọ̀. Ó ní ọmọbìnrin náà ló tẹ ìwé òun jáde, tó fi bírò ara rẹ̀ parí rẹ̀, tí ayọ̀ sì mú kó gbé e síta.

“O mọ̀, o sì dákẹ́?”

“Ta ni yóò gbà pé òun ló kọ ọ́? Wọ́n á ní kó wá ṣe é lójú gbogbo ènìyàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, irọ́ ló pa nìyẹn. Ìṣirò kan ṣoṣo tó gbà rí láyé rẹ̀, kí n wá fi ra orúkọ mi padà?”

“Sùúrù rẹ yìí ń bí mi nínú ju ẹ̀sùn náà lọ.”

“Máa bínú sí mi, olólùfẹ́,” ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Kí o má ṣáà bínú kúrò lọ́dọ̀ mi.”

Obìnrin náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọkùnrin náà má baà rí omi tó wà níbẹ̀. Ó ní bí kò bá ní gbèjà ara rẹ̀, ó kéré tán kó wá jókòó síwájú bàbá òun, kí bàbá rí ojú ẹni tó pè ní olè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìjọsìn, Awọnlẹ̀ dé. Ọ̀gá Àgbà dá ìkíni rẹ̀ lóhùn bí ẹni tó ń san gbèsè. Kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn gbé ìbéèrè kan síwájú rẹ̀, èyí tó máa ń fi dán àwọn olùkọ́ tuntun wò, ó sì ní kó ṣe é.

Awọnlẹ̀ ṣe é ní ìlà dé ìlà. Nígbà tó dé òpin, ó gbé bírò lélẹ̀, ó rọra ti ìwé náà sọ́dọ̀ bàbá.

“O ò parí rẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Ìlà tó kẹ́yìn ló kù.”

Bàbá fi ìbínú fa bírò náà, ó kọ ìlà náà fúnra rẹ̀. Bó ti gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ìwé náà, kò sì lè gbé ojú kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹni méjì lórí ìwé kan: méje ọkùnrin náà lókè, pẹ̀lú ìgbànú, méje tirẹ̀ nísàlẹ̀, láìsí nǹkan kan.

“Mú fóònù yẹn wá,” ni ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó gbé àwòrán ọjọ́sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ó fi ìka kan ìlà tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. “Ta ló kọ ọ́?”

“Ọmọ tó ni ín ni, sà.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà dárí ji òun, pé òun ti dájọ́ kí òun tó wo ìwé. Ṣùgbọ́n inú ọmọ rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó ní ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti pè é ní olè, inú pálọ̀ kọ́ ni wọn yóò ti tọrọ àforíjì. Bàbá gbà, ó gbé fóònù, ó wọ yàrá lọ láti kọ àforíjì náà sójú ẹgbẹ́, láìdárúkọ ọmọ kankan.

Awọnlẹ̀ yí ìwé náà padà, ó kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò pupa tì í sí obìnrin náà.

“Mo fẹ́ràn rẹ kí n tó rí ojú rẹ. Mo rí ojú rẹ, mo tún fẹ́ràn rẹ sí i. Bàbá rẹ ti dá orúkọ mi padà, mo sì fẹ́ kí o bá mi jẹ́ ẹ. Nítorí náà . . .”

“O ò parí rẹ̀,” ni obìnrin náà wí.

“Ìlà tó kẹ́yìn, ti ọmọ ni.”

“Ọmọ ta?”

“Ọmọ Ọ̀gá Àgbà.”

“Kọ ọ́, jàre,” ni ohùn bàbá wí láti inú yàrá, “kí oúnjẹ tó tutù.”

Obìnrin náà gbé bírò. “Mo gbà,” ni ó kọ. Lẹ́yìn náà ló yọ rúlà nínú báàgì rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì tó gún régé sábẹ́ rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí ìdáhùn tó bá tọ̀nà.