Ajá Tó Wọ Báàjì Ẹ̀jẹ́

"Fintan, kí ni kí n gbé fún ẹ?" Bernadette tó ni ilé ọtí ló bi í.

"Omi ọsàn."

"Oṣù mẹ́ta, omi ọsàn! Bọ̀ọ̀dá, ewé á hù lára yín o," èmi Lorcan ni mo dá a lápàárá.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò nílé ìwé wá sí iléeṣẹ́ wàràkàṣì ìlú wa. Gbogbo Fúráìdè, tí fèrè bá ti dún láago márùn-ún, ọ̀dọ̀ Bernadette ló kù. Ẹnì kan á ra fún gbogbo wa, ẹlòmíì á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dìde kó tó kàn án, ahun ni títí ọjọ́ ikú ẹ̀.

Fintan nìkan la kì í fi ọtí yọ lẹ́nu. Ó ti búra fún Ọlọ́run pé òun ò ní mutí mọ́, báàjì ẹ̀jẹ́ náà wà láyà kóòtù ẹ̀. Nílùú wa, ọ̀mùtí tó ya wèrè jù ò jẹ́ gbé ọtí fún ẹni tó wọ báàjì yẹn. Torí pé ó ti jáwọ́ ńbẹ̀, Nuala ọmọ ẹ̀ ti ní òun ń kó padà wálé ní Sọ́ńdè.

Ní Fúráìdè ọjọ́ yẹn, Fintan bọ́ kóòtù, ó lọ tọ̀. Ni mo bá yọ báàjì, mo fi há ọrùn Bíṣọ́ọ̀bù, ajá Bernadette.

Bó ṣe dé, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, Bíṣọ́ọ̀bù ti gba ẹ̀jẹ́ yín ṣe! Ẹ ti dòmìnira!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. "Ajá onígbàgbọ́!" làwọn kan ń wí. Bernadette pariwo pé, "Lorcan, dá báàjì ọkùnrin yẹn padà!" Ta ló gbọ́? Bíà dúdú ti dé iwájú Fintan. Ó wo ajá, ó wo ọtí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ẹyọ kan."

Ẹyọ kan bí ogún. Ní Sọ́ńdè, Nuala bá a tó sùn lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó gbé ẹrù ẹ̀, ó yí padà. Fintan ò sinmi ọtí mọ́. Kọ́dún tó yípo, a sin ín.

Láti itẹ́ òkú, níbo la gbà? Ọ̀dọ̀ Bernadette. A ra yí po, a ra ti Fintan náà sórí tábìlì. Èmi ni mo mu ún.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ohun tẹ́nì kan fi ń di ara ẹ̀ mú, ẹ má fi ṣeré. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Báàjì yẹn ṣì wà lọ́rùn Bíṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ò tíì mutí.