Ọmọ Tí Eṣinṣin Kì Í Bà

Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ilé ìwé àgbà ni mo ti kọ́ ìwé kíkọ, wọn kò sì tíì kọ́ wa dé ibi tí wọ́n ti ń fi irọ́ dárà.

Oko ìdánwò ìrẹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tóóró là wọ́n láàárín. Ọ̀kan ni ti àtijọ́. Èkejì, wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà, kí kòkòrò tó bá jẹ igi rẹ̀ lè kú. Tèmi ni kí n máa la igi ìrẹsì, kí n wo inú rẹ̀. Ìdin kún inú ti àtijọ́. Ti tuntun mọ́ féfé, ó sì so wọ̀ǹtìwọnti.

Òfin kan ni ọ̀gá wa kì í gbàgbé: ohunkóhun tó bá wọ oko, ká gbọ̀n ọ́n, ká fọ̀ ọ́, kó tó jáde.

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ mi rìnrìn àjò, mo pọn ọmọ mi wá. Kòkòrò kò jẹ́ kó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì àtijọ́. Mo bá tẹ́ ẹ sáàárín ti tuntun. Ibẹ̀ dákẹ́. Ewé gan-an kò dún. Ó sùn títí a fi ṣíwọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọn aṣọ, mo fọ bàtà.

Ta ló ń gbọn ọmọ?

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀fọn kò jẹ ẹ́ mọ́, eṣinṣin kò sì bà lé e. Inú ìyá ọkọ mi dùn. Ó ní, “Ìyàwó, àbí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí korò bíi ti ìyá rẹ̀ ni?” A jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ wá kán sí i láyà lọ́jọ́ kan. Èèrà tò wá. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n yí i ká bí ẹni yí kòtò ká, wọ́n lọ. Ọmọ náà ń wò wọ́n. Kì í sunkún mọ́.

Mo bi ọ̀gá bóyá ìrẹsì náà lè lé ẹ̀fọn. Ó ní rárá, ohun tó bá jẹ ẹ́ nìkan ló ń pa. Ó wá wò mí.

“Ṣé ọmọ rẹ jẹ ewé níbẹ̀ ni?”

N kò tíì dárúkọ ọmọ.

Mo gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kò sí ohun tó ṣe é, ó tilẹ̀ ń sanra.

Nírọ̀lẹ́ àná, a jókòó síta, gbogbo ilé ń gbá ẹ̀fọn lára, àfi èmi àti ọmọ. Mo ní, “Ẹ bá mi gbé ọmọ, Mà.” Ìyá ọkọ mi nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fà á sẹ́yìn.

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ abọ́.”

Kò sí abọ́ kankan nílẹ̀.

Mo fún ọmọ mi lọ́yàn. Mo ká apá aṣọ mi sókè dé èjìká. Mo ń retí kí ẹ̀fọn kan ṣoṣo jẹ mí.