Odó Tí Kò Níṣu Nínú

Inú àmù omi ni orí Fọlárìn Ògúnlànà wà lọ́jọ́ tí Tàwàkálítù kọ́kọ́ rí i. Wolé-wolé ni, ọmọ Ìsọlọ̀, nínú kákí tí wọ́n lọ̀ títí tó fi ń dún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí Òṣòdì ni, kò tíì mọ irú ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn bíi tiẹ̀ níbẹ̀.

"Tanwíji ń jó nínú omi yín," ó wí. "Ẹ dà á nù."

"Ẹ ò mọ bí kànga ṣe jìnnà tó ni," Tàwà dáhùn, ó sì da gbogbo ẹ̀ sórí bàtà ọkùnrin náà.

Yéè! Ìyá Tàwà ti ń retí sàmáǹsì ilé ẹjọ́. Àmọ́ ẹ̀rín ni Fọlárìn bú sí. Ó bọ́ bàtà, ó gbọn omi inú ẹ̀ dànù, ó ní ó ti ń fẹ́ ìwẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibi tó mọ́ nìkan nìfẹ́ ń yà sí.

Torí ilé wọn kò mọ́ rárá. Yàrá kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé, níbẹ̀ ni bàbá, ìyá, Tàwà àtàwọn àbúrò rẹ̀ ń sùn. Ṣáláńgá ò sì jìnnà sí wọn. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń já èrò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílé ń fi páànù kọ́ yàrá mọ́ yàrá. Inú òkùnkùn yàrá yẹn ni Sàláwù, bàbá Tàwà, tó jẹ́ lébìrà ní rélùwéè, dùbúlẹ̀ sí, tó ń wúkọ́.

Ikọ́ ife ni. Gbogbo ilé mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀. Bí wolé-wolé bá gbọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á wó páànù, ta ni yóò sì wá fẹ́ ọmọ ilé oníkọ́ ife? Àwọn obìnrin àdúgbò ti wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá ti rí fìlà kákí lókèèrè, wọ́n á bọ́ sídìí odó, wọ́n á máa gún un kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ikọ́ aláìsàn mọ́lẹ̀. Kò ní sí iṣu kankan nínú odó náà.

Tàwà ló ń gún tilé wọn.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí mà fẹ́ràn iyán o," Fọlárìn á ní. "Ẹ ò sì fún mi jẹ rí."

"Ẹ ò tíì fẹ́ mi sílé, iyán mi lẹ fẹ́ jẹ?" Tàwà á dáhùn, òógùn á máa ṣàn lójú rẹ̀.

Ó di pé wọ́n ń pàdé lẹ́bàá ojú irin lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á jọ jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, yóò máa pè é ní "Tàwà mi, adúmáadán mi." Ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ Tàwà lára pátápátá.

"Wolé-wolé lo fẹ́ fẹ́?" ìyá rẹ̀ ké mọ́ ọn. "Ọjọ́ tó bá wọ yàrá yìí wá kí àna rẹ̀, ọjọ́ náà la pa bàbá ẹ!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Sàláwù wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sínú abọ́. Tàwà ń wo ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ni Fọlárìn yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gún un!" ìyá rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Tàwà gbé ọmọ odó sókè. Ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ikọ́ náà jáde, gbogbo àgbàlá gbọ́.

"Bàbá mi ni," ó wí, ẹkún ti gbé e. "Ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú. Kò sí iṣu nínú odó yìí, kò síbẹ̀ rí."

Fọlárìn wolẹ̀. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ó ṣófo. Ilé ìmàle wo ló ń gúnyán lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Ààwẹ̀? Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ ń fi bo ikọ́ bàbá ni, Tàwà. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá fẹjọ́ bàbá sùn, ìyá ò ní fi ẹ́ fún mi. Mo ní ká kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ná."

"O mọ̀," Tàwà wí. Ẹnu rẹ̀ gbàgbé ọ̀wọ̀. "O mọ̀, o sì ń bá mi ṣàwàdà iyán!"

Wọ́n gbé Sàláwù lọ lọ́jọ́ náà. Dókítà ní abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ti wà báyìí, ó sì ń gba èèyàn là, àmọ́ wọ́n ti pẹ́ jù. Bàbá kò padà wálé.

Lẹ́yìn àdúà ogójì, Fọlárìn wá, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Ìyá Tàwà alára ló ṣílẹ̀kùn fún un. "Gbogbo wa la jọ ṣe é," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Bó o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní bá ẹ jà mọ́."

"Dárí jì mí, Tàwà mi. Torí ìfẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé torí ìfẹ́ ni. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Mo fẹ́ràn yín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ń gún un, ẹ̀yin ń gbọ́ ọ, bàbá mi sì ń kú lọ. Ọjọ́ tí mo bá gbé ọmọ odó nílé yín, kí lẹ rò pé a máa gbọ́?"

"A ò ní ra odó."

Ẹ̀rín ni Tàwà fẹ́ rín, ẹkún ló bọ́ sílẹ̀. "Ẹ máa lọ, olólùfẹ́ mi. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín."

Fọlárìn dé fìlà, ó jáde. Tàwà ti ilẹ̀kùn, ó fara tì í.

Kò pẹ́ tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílé Ìyá Kúdírá, aládùúgbò wọn, gbì, gbì, gbì. Tàwà gbọ́ tí ẹsẹ̀ Fọlárìn dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá Kúdírá," ohùn rẹ̀ dé, kò le, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo inú odó yẹn."

Odó náà dákẹ́. Ọmọdé kan wúkọ́.