Táǹkì Kìíní

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, n kò kọ ohun tí n kò lè búra sí. Ìdajì ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹnu Fẹ̀yìntọlá ni mo ti gbọ́ ọ. Ìdajì kejì, etí mi ni.

Nọ́ọ̀sì ni Fẹ̀yìntọlá, ìlú Cheverly, nílùú òyìnbó níbí, ló ń gbé. Ọmọ́jọlá ọkọ rẹ̀ ló gbin àjàrà sí ilẹ̀ wọn lẹ́yìn ìlú Clinton. Oríṣi mẹ́ta ni, oríṣi kọ̀ọ̀kan sì ní àgbá onípákó tirẹ̀. Inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń po wáìnì pupa tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń ṣe Ìdàpọ̀ Mímọ́. Kò kọ ìwọ̀n sílẹ̀ rí. Yóò fi oríkèé ìka kan àgbá, yóò tẹ́tí, yóò bù. Ti àgbá kìíní ló ki jù. Bí òjò bá ba ọdún jẹ́, yóò bù púpọ̀ níbẹ̀ kí wáìnì má baà ṣàn bí omi. Ọdún ọ̀dá, ife méjì. Ọdún òjò, mẹ́rin; bí òjò bá ṣe pọ̀ tó ni ife ṣe ń pọ̀ sí i.

Ó kú ní oṣù keje ọdún tó kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a sin ín, kò sì dá títí wọ́n fi ká àjàrà. Joel, òyìnbó tí wọ́n gbà síṣẹ́, ní àwọn àgbá ti ń jẹrà. Ó kó wọn dànù, ó gbé táǹkì irin mẹ́ta wọlé.

Fẹ̀yìntọlá sọ fún Ọlámipọ̀sí ọmọ rẹ̀ pé bí wáìnì náà kò bá jọ ti bàbá rẹ̀, òun yóò ta ilẹ̀ náà. Ó ní kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ ọkọ òun ṣì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n pò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Omi pupa lásán. Fẹ̀yìntọlá ní oògùn ikọ́ tí òun ń fún àwọn aláìsàn dùn jù ú lọ. Joel rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán gangan ni.

Táǹkì kìíní dún, bí ìgbà tí oríkèé ìka bá kan irin. Inú rẹ̀ ni ìró náà ti wá.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó sinmi. Ti kejì dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ti kẹta, ẹ̀ẹ̀kan.

Joel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ife lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọlámipọ̀sí bu ife márùn-ún, mẹ́ta, ọ̀kan. Ó tọ́ ọ wò.

"Mummy, pákó ni mò ń tọ́ wò."

Wáìnì náà kò fara kan pákó rí.

"Bàbá ẹ ni," ìyá rẹ̀ wí. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ títà mọ́.

A mu ún níbi ìsìn ìrántí ọdún kan. Èmi náà mu ún. Ti Ọmọ́jọlá ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fẹ̀yìntọlá pè mí wá sí ilẹ̀ náà. Wọn kò tíì ká àjàrà ọdún yìí. Joel ti fọ àwọn táǹkì, wọ́n ti gbẹ. Fẹ̀yìntọlá ṣí ìdérí táǹkì kìíní, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo wo inú rẹ̀. Òfìfo. Ó dé e padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn án," Fẹ̀yìntọlá wí.

Táǹkì òfìfo a máa ró bí agogo. Mo kàn án. Kò ró. Ó dún kì, bí ohun tó kún dẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ó dá mi lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dé márùn-ún, mo retí kó dúró. Kò dúró.

Mo ní kí Fẹ̀yìntọlá ta ilẹ̀ náà.

"Ẹ jẹ́ kó kà á tán ná, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀ mi, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Fẹ̀yìntọlá ń bá a kà, jẹ́jẹ́. Ó ti kọjá ọgbọ̀n.