Ìgbẹ́ Tútù ní Ilẹ̀ Gbígbẹ

"Ìwọ lo pa wọ́n, àgbàyà! Ẹ̀yìn àgọ́ rẹ ni orí wọn wà!"

"Dókítà Hamdan, ẹnu yín ń rùn ju orí tí ẹ ń wí lọ."

Ká sòótọ́, òórùn náà ń rínilára. Orí àgbọ̀nrín funfun méje ló wà nínú kòtò, ojú wọn ti di ihò, òfìfo èèpo ìdin sì kún etí wọn. Hamdan ni ọ̀gá àwọn tó ń ka ẹranko aṣálẹ̀ náà. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà tí wọ́n ti ń bọ́ irú ẹran yìí rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bàbá Mabkhut ni olùṣọ́. Òun ló sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àgbọ̀nrín náà lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n ni yóò kú sí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Thuraya fi ìborùn bo imú. "Dókítà, ìgbà wo ni wọ́n wà láàyè gbẹ̀yìn?"

"Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ìgbẹ́ la fi ń kà wọ́n. Mo bá òkìtì tútù méje ní àfonífojì Rimth. Díẹ̀ nìyí nínú àpò. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlú ni mo wà. Òun nìkan ló kù síbí."

"Bàbá ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pariwo pé n kò rí wọn mọ́. Mo rí ìgbẹ́ tó ń wí yẹn ní Rimth. N kò rí ojú ẹsẹ̀ ẹran kankan. Àbí wọ́n ń fò ni?"

Thuraya fọ́ hóró ìgbẹ́ kan, ó nà án sí imú Hamdan.

"Ẹ wò ó: ewé tútù àti èèpo ọkà bálì. Ọdún kẹta rèé tí òjò ò kán síbí! Inú ọgbà tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn yín nìkan ni wọ́n ti ń jẹ èyí. Ẹ kó o wá dà sáṣálẹ̀, ẹ fẹ́ fi ìgbẹ́ jí òkú dìde. Ìdin orí wọ̀nyí sì ti di eṣinṣin, wọ́n ti fò lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ò tó fún ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lẹ ṣègbéyàwó ọmọ yín. Ẹran wo lẹ sè?"

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé," ni Mabkhut wí, "ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ó tún wo àwọn orí inú kòtò náà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹran orí ìrẹsì ìgbéyàwó yẹn... Mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Mo súre fún ẹni tó sè é."

"Alásè ti jẹ́wọ́ láàárọ̀ yìí, Bàbá."

"Àna mi ló ní òun fẹ́ ẹran tí ẹnì kan ò jẹ rí," ni Hamdan ń kùn.

"Ìwọ lo gbé àwo síwájú mi. Ta ni mo jẹ, Hamdan? Shamma ni, àbí ọmọ rẹ̀?"

"Ẹran ṣáà ni gbogbo wọn, Bàbá."

Thuraya ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbátí Bàbá Mabkhut dún pàá létí Hamdan.