Ohun tí Bọ̀dá Ọ̀dà Sọ Gan-an

Orí àkàbà ni Tíṣà ti kọ́kọ́ rí i. Ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ti ta sí i ní irùngbọ̀n, ó sì ń bá ológbò tó ń yà sára ògiri wí. "Dúró jẹ́ẹ́," ló ń sọ fún ológbò náà. "Àbí o ò fẹ́ dé fìlà ni?" Ó rò pé òun nìkan ló wà ní kíláàsì. Nígbà tí Tíṣà bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin náà jábọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Tíṣà wí. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ní àlejò."

"Ológbò yìí ló lágídí," ni ọkùnrin náà dáhùn, ojú sì tì í. "Wọ́n ní 'cat' ni, wọ́n ní 'hat' ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo wáá ní kó kúkú dé e."

Màmá tó ni ilé-ìwé ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Wọ́n fẹ́ kó kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìparí wọn ń dún bákan náà sára ògiri kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, kó sì ya ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ni yóò ti máa gba ọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ ọmọ-ìyá" ni Tíṣà ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Tí ó bá ti pe "moon," àwọn ọmọ á fi igbe dáhùn pé "spoon," wọn á sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà bi í lọ́jọ́ kejì, "'goat' ni ewúrẹ́, 'boat' ni ọkọ̀ ojú omi. Níbo làwọn méjèèjì ti di ọmọ-ìyá?"

"Ìró wọn ló jọra."

"Ìwà wọn ńkọ́?"

"Ìwà ò jọra rárá. Ṣé ẹ ò tíì rí ọmọ-ìyá tí ìwà wọn ò jọra rí ni?"

"Mo ti rí i o. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tòun ti táì lọ́rùn. Èmi ni mò ń bá ológbò jà lórí àkàbà."

Nígbà tí Tíṣà padà dé láti ibi tó ti lọ kó ṣọ́ọ̀kì, ewúrẹ́ ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó na ẹsẹ̀ bí olówó. Àwọn ọmọ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọn ò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ọkùnrin náà ní Bọ̀dá Ọ̀dà.

Nígbà tó yá, tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, Tíṣà kì í tètè lọ mọ́. Yóò jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kúkúrú yẹn, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, Bọ̀dá Ọ̀dà á sì máa béèrè ìtumọ̀ lórí àkàbà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnìkan pẹ́ lọ́dọ̀ òun, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"'Kind'?"

"Onínúure èèyàn."

"'Mind'?"

"Ọkàn."

"'Find'?"

"Kéèyàn rí ohun tó ń wá."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lórí ògiri. "Hẹn-ẹn," ni Bọ̀dá Ọ̀dà wí. "Èmi ti rí tèmi."

Tíṣà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó tún ń to ṣọ́ọ̀kì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó gba ọ̀nà tó jìn délé lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí "ẹ" di "ìwọ" láàárín àwọn méjèèjì. Kí oṣù tó parí, ó ti di "Tíṣà mi," òun náà sì ti ń pe ọkùnrin náà ní "Olówó-orí-àkàbà," torí pé kò tíì rí owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn kò ní wàhálà kankan, àfi ẹyọ kan. Bàbá Tíṣà ni.

Ògbufọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Nínú kóòtù ló ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òun ló ń dúró láàárín adájọ́ àti ẹni tí kò gbédè adájọ́, tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ eléyìí fún tọ̀hún. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di díẹ̀díẹ̀, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnu ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè wò kó mọ ohun tí ẹnu náà ń sọ. Tí Tíṣà bá kọjú sí i, tó rọra ń sọ̀rọ̀, kò pọn dandan kó tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Nítorí náà, Tíṣà ló ń túmọ̀ dókítà fún un, tó ń túmọ̀ onílé, tó ń túmọ̀ ìròyìn orí rédíò. Ògbufọ̀ ti wáá ní ògbufọ̀ tirẹ̀.

Ọkùnrin kan ti wá nígbà kan rí. Ó ní ìyàwó lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ìyàwó pẹ̀lú bàbá ìyàwó. Tíṣà fi ọ̀nà hàn án, ó sì fi ọkàn ara rẹ̀ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ti pinnu pé bóun bá lọ, Bàbá ò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pinnu èyí fún Bàbá, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ọ̀dà ò yéé bẹ̀ ẹ́, ọkàn tòun náà ò sì sinmi mọ́. Tíṣà gbà pé kó wá bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Bọ̀dá Ọ̀dà wá nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ọ̀dà tó wà ní èékánná rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé fọ̀. Ó jókòó sí etí àga, ó ń làágùn, ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ bí òun ṣe rí Tíṣà, ó sọ bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó sọ iṣẹ́ òun àti ìyá òun, ó ní òun wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Bàbá.  Nígbà tó parí, ó wo Tíṣà.

Tíṣà kọjú sí bàbá rẹ̀. Ó rí ojú arúgbó náà tó ń dúró de ẹnu òun bí ojú ọmọ tó ń dúró de oúnjẹ. Ẹ̀rù bà á.

"Bàbá," ló wí, "ó ní ògiri ti ń parí lọ. Ó ní kóun kàn wá kí yín."

Bọ̀dá Ọ̀dà gbọ́ ọ ketekete. Etí tirẹ̀ ò di.

Ògbufọ̀ wo ọkùnrin náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Kó má kánjú. Iṣẹ́ tó dára kì í fẹ́ ìkánjú."

Lẹ́nu ọ̀nà, Bọ̀dá Ọ̀dà dúró. "Tíṣà, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o kọ̀ mí ni?"

"Mi ò kọ̀ ẹ́."

"Ká ní o kọ̀ mí ni, ó máa dùn mí, màá sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọkàn mi ni mo kó síwájú bàbá ẹ, o sì fi ọ̀dà kùn ún lójú mi." Kò pariwo. Ó tẹríba díẹ̀ fún un bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì lọ.

Látọjọ́ náà, Tíṣà ò bá a lórí àkàbà mọ́. Kí ó tó dé láàárọ̀, ọkùnrin náà á ti ṣiṣẹ́, á ti lọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló kù: "ear," "near," "fear." Nígbà tí inú wọn ṣì dùn, Bọ̀dá Ọ̀dà ti bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń ya ìbẹ̀rù, Tíṣà sì ti ní kó ya kìnnìún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ògiri parí, Tíṣà kó àwọn ọmọ jọ síwájú ìlà náà. Wọ́n ya etí ńlá kan sábẹ́ "ear." Ẹyẹ méjì tó fara kan ara wọn ló wà lábẹ́ "near." Lábẹ́ "fear," kò sí kìnnìún. Obìnrin kan ló jókòó láàárín arúgbó kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu.

"Àǹtí, ibo ni kìnnìún wà?" ni ọmọbìnrin kan bi í. "Kí ló ń ba obìnrin yẹn lẹ́rù?"

"Ó ń bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀."

"Ṣé wọ́n máa nà án ni?"

"Rárá," ni Tíṣà wí. Ó wo arúgbó orí ògiri náà tí ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa nà án."

"Kó yáa sọ ọ́ nígbà náà."

Gbogbo kíláàsì gbà pẹ̀lú ọmọ náà. Tíṣà yí ojú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àga síwájú bàbá rẹ̀, ó sì kọjú sí i dáadáa. "Bàbá, mo parọ́ fún yín."

"Ti ọjọ́ Àìkú," ni Ògbufọ̀ wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ gùn, èyí tó o gbé fún mi kúrú. Kò sì sí ògiri náà láyé tó lè mú ọkùnrin làágùn tó bẹ́ẹ̀." Ó sinmi díẹ̀. "Èmi gan-an ni irú ẹ̀ máa ń dùn jù, ọmọ mi, torí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀daràn bú adájọ́, mo túmọ̀ èébú. Ìyá kan bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ẹ̀, mo túmọ̀ ẹ̀bẹ̀, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú mi. Mi ò yọ, mi ò fi kún un. Ẹni tí wọ́n ń túmọ̀ fún ò ní ẹlòmíì."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa rò pé mò ń fi yín sílẹ̀."

"Ṣé o bi mí?"

Tíṣà mi orí pé rárá.

"Etí mi ló di," ni bàbá rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹnu mi ò di. Tó o bá bi mí, ǹ bá dáhùn. Lọ pè é kó wá tún un sọ."

Ó bá Bọ̀dá Ọ̀dà níwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan, ó ń kọ pátákó. Tíṣà dúró sí ìdí àkàbà.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mo ti jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní kó o wá tún un sọ. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."

Bọ̀dá Ọ̀dà kùn lẹ́tà kan tán kó tó wo ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ le, àmọ́ kò le dénú. "Tí mo bá tún un sọ, á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ o."

"Kò burú. Mo ti jẹun kánú."

Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ògbufọ̀ ti wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú tó fi ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un dè wọ́n. Ó ní kí Tíṣà jókòó sáàárín. "Ní kóòtù," ló wí, "ògbufọ̀ kì í sọ pé 'ó ní, ó ní.' Tí ẹni náà bá wí pé 'mo,' ìwọ náà wí pé 'mo.' Ó yá."

Bọ̀dá Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Tó bá sọ gbolóhùn kan, á dúró. Tíṣà kọjú sí bàbá rẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe rí.

"Bàbá, mo fẹ́ràn ọmọ yín," ni Tíṣà wí. "Láti ọjọ́ tó ti fi mí rẹ́rìn-ín ni mi ò ti gbádùn ilé tí kò bá sí níbẹ̀." Ojú tì í, ó bojú wolẹ̀.

"Gbé ojú sókè," ni Ògbufọ̀ wí. "Ẹlẹ́rìí ò tíì sọ tán."

"Mi ò wá gbé e sá lọ fún yín. Ilé kan ṣófo lódìkejì òpópónà yìí, mo ti bá onílé sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọjú lójú fèrèsé, ẹ ó máa rí wa." Tíṣà yíjú wo Bọ̀dá Ọ̀dà níbẹ̀, nítorí pé òun náà ò tíì gbọ́ èyí rí. Ó yíjú padà sí bàbá rẹ̀, ó ń bá a lọ. "Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ó fi lè rí i lẹ́nu èmi náà, ká lè jọ máa jiyàn láìsí ògbufọ̀."

Arúgbó náà wo ojú fèrèsé sí òdìkejì òpópónà. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Mo gbọ́. Ọmọlúàbí sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò tíì tán. Ẹnìkan ṣì wà níbí tí kò tíì sọ tẹnu ẹ̀, ẹnu ẹni la sì fi ń kọ mé-jẹ. Ìwọ ọmọ mi ńkọ́?"

Tíṣà la ẹnu. Gbogbo ohùn tó fi ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́ ti sá lọ. Ètè rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan.

Bọ̀dá Ọ̀dà na ọrùn síwájú, ìbẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀. "Kí ló wí? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ o!"

Ògbufọ̀ tún ẹ̀wù kóòtù rẹ̀ ṣe dáadáa, ó dìde dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú adájọ́, ó kọjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kò yọ, kò fi kún un.

"Mo fẹ́ ẹ."