Ìbò Tó Dé Tí Kò Wọlé

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì jẹ̀bi: ọmọ tó bá ń dúró kí èrò pé kó tó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, nǹkan kan ń bọ̀ wá bá a. Nasir nìyẹn, ọmọ SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Bódìjà. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà ti yí i ká tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn ààfin.

Ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ rán ọmọ kan lọ sí ìdíje ní Àbújá. Nasir àti Mojí ló kù, ìbò àwọn òbí àti mọ̀lẹ́bí ni yóò sì mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, olùkọ́ wọn, ní àwọn méjèèjì náà lè dìbò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dìbò fún ara rẹ̀. Nasir pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ní dìbò rárá.

Mojí ló ṣe áàpù orí fóònù. Ẹni tó ń dìbò yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àpótí kìíní, yóò kọ orúkọ ọmọ tó yàn sí ìkejì, fóònù yóò sì dì wọ́n pọ̀ bí ẹrù, yóò fi wọ́n ránṣẹ́. Nasir ló ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó jókòó síbì kan tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ gbogbo fóònù, tó sì ń ka ìbò.

"Nasir," ni Mojí wí, "orúkọ lásán ni sáfà rẹ fẹ́ nínú àpótí kejì. Bí ẹnì kan bá wá kọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn ńkọ́?"

"Kò ní kà á."

"Kó dá a padà nígbà náà. Kó sọ ohun tó ṣe é, kí onítọ̀hún lè tún un kọ."

Nasir rò ó wò. Bí sáfà bá dá ẹrù padà, àmì pupa ni yóò yọ lára ògiri tí wọ́n ń tan iṣẹ́ náà sí. Ọ̀gá àgbà sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Pupa kẹ̀? Lójú ọ̀gá àgbà?

"Ẹrù yòówù tó bá dé, sáfà mi á dáhùn pé 'Ó ti dé.' Àmì àwọ̀ ewé. Ó parí."

"Èyí tí kò bá dára ńkọ́?"

"Á jù ú nù. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ á rò pé o gbà á ni."

"Mojí, ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Jẹ́ n gbádùn, jàre!"

Àwọn ọmọ tó kù bú sẹ́rìn-ín. "Injinnia! Yú tuu mọ́ṣì!"

Lọ́jọ́ kejì, ìbò bẹ̀rẹ̀, ògiri sì kún fún àwọ̀ ewé bí oko àgbàdo lóṣù kẹfà. Ọ̀gá àgbà bọ Nasir lọ́wọ́. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ọwọ́ ọ̀hún jẹun mọ́. Mojí ní tirẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ń bẹ àwọn òbí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ o."

"Ẹ wò ó bó ṣe ń tọrọ," ni Nasir wí.

Bó ti ń lọ sílé, ó yà sí Mọ́kọ́lá, níbi tí bàbá rẹ̀, Alhájì Ṣàmsúdéènì, ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Alhájì ti kó mọ̀lẹ́bí, ọmọ iṣẹ́ àti mẹkáníìkì jọ, gbogbo wọn ló sì ti dìbò. Wọ́n na fóònù sókè: "Injinnia wa, ó ti dé o!" Nasir juwọ́ sí wọn bí gómìnà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kéde pé Mojí ló wọlé.

Nasir àti Mojí kò tíì jáde ní yàrá àwọn olùkọ́ tí Alhájì fi já wọlé, tòun ti àwọn èèyàn rẹ̀. "Ta ló jí ìbò ọmọ mi? Ẹ wò ó, ó ti dé! Tiẹ̀ náà, ó ti dé! Àbí fóònù ń purọ́ ni?" Ó kọjú sí Mojí. "Ìwọ lo ṣe ti fóònù, àbí? Níbo lo kó wọn sí?"

Mojí kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Èmi kò jí nǹkan kan." Ó wo Nasir.

Nasir mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Mojí á di olè, àga Àbújá á sì di tòun. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ kọ sí àpótí kejì?"

"Kí ni ǹ bá tún kọ? Orúkọ rẹ ni! 'Nasir ọmọ mi, Allah á gbé ọ ga, o ò ní rẹ̀yìn.' Mo sì kìlọ̀ fún gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọmọ mi ní ìhòòhò. Kí kálukú fi àdúrà wọ̀ ọ́ láṣọ!"

"Àmín," ni mẹkáníìkì kan ké láti ẹnu ọ̀nà.

Nasir dọ̀bálẹ̀. "Mojí kọ́, Bàbá. Sáfà mi ló jù wọ́n nù. Èmi ni mo ní kó máa sọ pé wọ́n ti dé."

"O ju àdúrà nù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé mí kanlẹ̀. "Nasir, kó o tó sọ fún ènìyàn pé o gba ẹrù rẹ̀, tú u wò. Bí kò bá tọ́, dá a padà, kó o sọ ìdí. Ẹni tó bá ń fi 'ó ti dé' tan ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ló ń tàn. Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Orúkọ Mojí ti lọ sí Àbújá láàárọ̀ yìí, kò sì sí àtúndì ìbò."

Alhájì kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Nasir bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń wò ó bóyá ẹyọ ìbò kan tiẹ̀ wọlé fún òun nínú gbogbo rẹ̀.

Ó rí ẹyọ kan. Mojí ló fi í ránṣẹ́.